Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Owó Kékeré Bọ́ Ìdílé Yó Láàárín Ọ̀sẹ̀

Ìbéèrè kan náà ni ẹ ń bi mí lóríṣiríṣi ọ̀nà: "Owó oúnjẹ kì í tó mi, kí ni kí n yọ kúrò?" Ẹnì kan ní òun ti yọ ẹran, síbẹ̀ owó ń tán. Ẹlòmíì ní ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ lòun ń jẹun báyìí kí àwọn ọmọ lè yó. Ọ̀rọ̀ ìyẹn ká mi lára, òun ló jẹ́ kí n jókòó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ.

Nínú ilé tèmi, àti nílé àwọn tí mo ti bá jókòó ṣe é, kì í sábà jẹ́ inú àwo lowó ti ń jò. Ibi mẹ́ta ló ti ń jò: oúnjẹ tí a rà tó bàjẹ́ kí a tó sè é, oúnjẹ tí a sè tí ẹnikẹ́ni ò jẹ tán, àti oúnjẹ tí a sáré rà nírọ̀lẹ́ nítorí pé a ò mọ ohun tí a fẹ́ gbé kaná. Ẹ jẹ́ ká dí ibi mẹ́ta yìí ná. Ẹ má tíì fọwọ́ kan àwo ẹnikẹ́ni.

## Ọjọ́ méje àkọ́kọ́: ẹ má yí nǹkan kan padà, ẹ ṣáà máa kọ ọ́ sílẹ̀

Ẹ mú ìwé kan, ẹ so bírò mọ́ ọn, ẹ gbé e sí ilé ìdáná. Ẹ pín ojú ewé rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta:

- ohun tí a rà àti iye tí a san
- ohun tí a sè àti iye ẹni tó jẹ ẹ́
- ohun tí a dà nù àti ìdí tí a fi dà á nù

Ìdí yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà. Kí ẹ kọ "ó bàjẹ́" nìkan ò tó. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Ó wà lẹ́yìn ìkòkò nínú fíríìjì, n ò rí i," tàbí "Ẹni mẹ́fà ni mo sè é fún, ẹni mẹ́rin ló jẹun."

Ní ọ̀sẹ̀ tí èmi kọ́kọ́ ṣe é, ìdì ẹ̀fọ́ méjì ló rà mọ́ mi lọ́wọ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo máa ń rà á, n ó sì fi í sílẹ̀ di Ọjọ́bọ̀ tí mo máa ń ráyè ṣa á. Kí Ọjọ́bọ̀ tó dé, ewé ìsàlẹ̀ á ti di omi dúdú nínú ọ̀rá, ti òkè á ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ẹ̀fọ́ náà ò wọ́n. Ọjọ́ tí mo ń sè é ni kò bójú mu. Nígbà tí mo gbé ẹ̀fọ́ sí ọjọ́ Àìkú, tí mo gbé ẹ̀wà àti ìrẹsì sí Ọjọ́bọ̀, ìdànù yẹn dópin, n ò sì yọ nǹkan kan kúrò lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ilé yín nìkan kọ́ ló ń ṣe báyìí. Àjọ UNEP, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, sọ nínú ìròyìn rẹ̀ ti 2024 pé oúnjẹ tí aráyé dà nù ní ọdún 2022 ju bílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù lọ. Bí a bá pín in sí ọ̀nà mẹ́wàá, mẹ́fà nínú rẹ̀ ló wá láti inú ilé àwọn ènìyàn.

## Ètò ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́sẹẹsẹ

Nígbà àkọ́kọ́ ó lè gbà yín tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ ṣe é lẹ́yìn tí ẹ bá jẹun tán, kì í ṣe nígbà tí ebi ń pa yín.

1. Ẹ wo ohun tó wà nílẹ̀. Ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ ṣí fíríìjì, ẹ wo ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ èyí tó máa tètè bàjẹ́ sókè, kí ẹ kọ èyí tó máa pẹ́ sísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni oúnjẹ ọ̀sẹ̀ yìí ti máa bẹ̀rẹ̀.
2. Ẹ ka ẹnu tó máa jẹun ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ta ló máa pẹ́ níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun? Ọmọ wo ló máa ti jẹun wá láti ibòmíì? Tí ẹni méjì ò bá ní sí nílé, ìkòkò kékeré ni kó lọ sórí iná.
3. Ẹ yan oúnjẹ alẹ́ márùn-ún, ẹ má yan méje. Alẹ́ kẹfà jẹ́ ti àjẹkù. Alẹ́ keje jẹ́ ti oúnjẹ tí kò gba wàhálà, bí ẹyin àti búrẹ́dì. Àwọn tó ń kún gbogbo alẹ́ méjèèje dí ni mo máa ń rí tí wọ́n ń pa ètò tì kí ọ̀sẹ̀ tó dá sí méjì.
4. Ẹ tò wọ́n bí wọ́n ṣe ń bàjẹ́ sí. Ẹ̀fọ́ eléwé àti ẹja tútù, ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì, àárín ọ̀sẹ̀. Ẹ̀wà, ìrẹsì, ẹyin àti ohun inú agolo, ìparí.
5. Ẹ jẹ́ kí iná ẹ̀ẹ̀kan bí oúnjẹ méjì. Tí ẹ bá ń se ẹ̀wà tàbí ọbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ẹ se ìlọ́po méjì, kí ẹ sì ti mọ ọjọ́ tí ẹ máa jẹ ìdajì kejì kó tó sọ̀.
6. Ní ti òwúrọ̀, ẹ yan oúnjẹ méjì péré, ẹ máa fi wọ́n gba ara wọn. Àwọn ọmọ kì í bínú sí ohun tí wọ́n mọ̀.
7. Ìgbà yìí lẹ ó tó kọ ohun tí ẹ máa rà. Ẹ kọ iye rẹ̀ mọ́ ọn. "Àlùbọ́sà" nìkan máa jẹ́ kí ẹ rà jù. "Àlùbọ́sà mẹ́fà" á dá yín dúró níbi tó yẹ.

Nínú àwo kọ̀ọ̀kan, ẹ wá ohun mẹ́ta: èyí tó ń fún ara lágbára, èyí tó ń mú ara dàgbà, àti ẹ̀fọ́ tàbí èso. Tí owó ò bá gbé ẹran, ẹ̀wà pẹ̀lú ìrẹsì tàbí ọkà mìíràn gbé e: ohun tí ọ̀kan kù sí nínú èròjà tó ń mú ara dàgbà, èkejì ní in. Ẹ fi tòmátò tútù tàbí ọsàn kún un, nítorí fítámì C tó wà nínú wọn ń ran ara lọ́wọ́ láti gba èròjà irin (iron) inú ẹ̀wà. Tíì tí à ń mu mọ́ oúnjẹ kì í jẹ́ kí ara rí irin yẹn gbà dáadáa, torí náà ẹ jẹ́ kó tó wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ kí ẹ tó mu ún.

## Nígbà tí ẹ bá dé ibi ìtajà

Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Òótọ́ pọ́ńbélé ni níbi tí a ti ń rajà. Ẹ jẹun kí ẹ tó jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ ègé búrẹ́dì kan.

Ìṣirò àkọ́kọ́: pípín owó sí ìwọ̀n. Tí àpò kan bá jẹ́ kílò 5, tí èkejì jẹ́ kílò 2, ẹ pín owó ti àkọ́kọ́ sí 5, ẹ pín ti èkejì sí 2. Èyí tó kéré ló pọ́ọ́kú. Ẹ lo fóònù yín, ojú ò ti ẹnikẹ́ni. Ẹ máa rí i pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni àpò ńlá ń jẹ́ kí owó dínkù.

Ìṣirò kejì, tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé: mélòó ló máa dé ẹnu? Ife ẹ̀wà gbígbẹ kan ń di nǹkan bí ife mẹ́ta tó bá jinná. Ìrẹsì náà ń wú tó bẹ́ẹ̀. Ẹran ní tirẹ̀ ń sún kì, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n rẹ̀ lè lọ lórí iná. Nínú ẹ̀wà agolo, omi wà lára ohun tí ẹ ń sanwó fún, àmọ́ ó ti jinná tán, kò sì ní jẹ iná púpọ̀. Tí gáàsì bá wọ́n lọ́dọ̀ yín, ẹ fi ìyẹn kún ìṣirò.

Ẹ̀fọ́ dídì náà kò rẹlẹ̀. Ìwọ̀nba tí ẹ fẹ́ lẹ máa bù, ìyókù á padà sínú fírísà. Odindi adìyẹ sábà máa ń pọ́ọ́kú ju èyí tí wọ́n ti gé lọ. Ẹ ní egungun tí ẹ lè fi se omi ọbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ má ra ohun kan lọ́pọ̀, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó, àfi tí ẹ bá lè dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta:

- Ṣé à ń jẹ ẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?
- Ṣé a ní ibi tí kòkòrò, eku àti ọ̀rinrin ò ti ní dé ibẹ̀?
- Ṣé owó rẹ̀ ò ní mú ká yá owó kí oṣù tó parí?

Tí ọ̀kan bá jẹ́ rárá, ẹ pè aládùúgbò tàbí ẹbí kan, kí ẹ jọ rà á, kí ẹ pín in.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sára páálí ń kó owó wọ inú ìdọ̀tí. "Best before" ń sọ̀rọ̀ nípa adùn: tí ọjọ́ yẹn bá kọjá lórí ìrẹsì tàbí bísíkíìtì tí a tọ́jú dáadáa, ó ṣì lè ṣeé jẹ. "Use by" ń sọ̀rọ̀ nípa ìlera. Tí ìyẹn bá kọjá lórí ẹran tàbí ẹja, ẹ má jẹ ẹ́.

## Ìkòkò ẹ̀wà kan, oúnjẹ mẹ́ta

Tí ẹ bá fẹ́ mú ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo èyí, èyí ni kí ẹ mú. Òun ló ń gbé ilé tèmi dé ìparí oṣù.

1. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ da ẹ̀wà sórí tíréè tó mọ́lẹ̀, kí ẹ fi ìka tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Òkúta wẹ́wẹ́ àti èyí tí kòkòrò ti lu á hàn. Ẹ ṣa wọ́n, ẹ fọ ẹ̀wà, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tó tó ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀, fún wákàtí 8 sí 12. Tí ooru bá mú, inú fíríìjì ni kí ẹ rẹ ẹ́ sí kó má bàa kan.
2. Láàárọ̀, ẹ da omi yẹn nù, ẹ ṣan ẹ̀wà, ẹ bu omi mìíràn sí i.
3. Ẹ jẹ́ kó hó yàà, kó máa ru, fún ìṣẹ́jú 10 ó kéré tán, kí ẹ tó dín iná rẹ̀ kù.
4. Ẹ dé e, ẹ jẹ́ kó jinná lórí iná kékeré. Ẹ mú hóró kan, ẹ fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́. Tó bá fọ́ láìjà, ó ti ṣe. Ìgbà yìí ni kí ẹ tó fi tòmátò tàbí ohun kíkan sí i, nítorí ohun kíkan kì í jẹ́ kí ẹ̀wà tètè rọ̀.
5. Kí ẹnikẹ́ni tó jẹun, ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Tí gbogbo rẹ̀ bá wà nínú ìkòkò, àwọn ará ilé á bù ú títí á fi tán lálẹ́ ọjọ́ náà, tàbí á ṣẹ́kù díẹ̀ tí kò ní lè yó ẹnikẹ́ni.

Ìkìlọ̀: ìgbésẹ̀ kẹta kì í ṣe àṣejù. Ẹ̀wà pupa ńlá tó rí bí kíndìnrín ní májèlé nínú tí kò bá jinná, ó sì máa ń fa èébì àti inú rírun láàárín wákàtí díẹ̀. Iná jẹ́jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ kò lè pa májèlé yẹn. Tó bá jẹ́ ìkòkò oníná mànàmáná tó ń rọra sè lẹ ń lò, ẹ kọ́kọ́ bọ̀ ọ́ lórí iná gidi kí ẹ tó dà á sínú rẹ̀.

Ìpín kìíní, ẹ fi àlùbọ́sà àti tòmátò sè é, ẹ jẹ ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìpín kejì, ẹ fi omi ẹ̀wà là á, ẹ gé kárọ́ọ̀tì tàbí kábéèjì sí i, ẹ fi jẹ ìrẹsì lọ́jọ́ kejì. Ìpín kẹta, ẹ fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́ fọ́, ẹ po àlùbọ́sà tí a gé wẹ́wẹ́ àti ẹyin kan mọ́ ọn, ẹ bù ú pẹlẹbẹ sínú òróró díẹ̀, ẹ dín in. Tí ilé bá ti sú ẹ̀wà, ìpín kẹta lè lọ sí fírísà di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

## Àjẹkù: ẹ má jẹ́ kí ìṣọ́wóná di àìsàn

Owó tí ẹ dá dúró nílé ìdáná lè padà tán nílé ìwòsàn, torí náà ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú apá yìí.

- Oúnjẹ tó ti jinná kò gbọ́dọ̀ wà níta ju wákàtí 2 lọ. Tí ooru bá ju 32°C, wákàtí 1 ni.
- Ẹ má gbé odindi ìkòkò gbígbóná sínú fíríìjì. Àárín rẹ̀ á pẹ́ kó tó tutù. Ẹ pín in sínú abọ́ tí kò jìn.
- Fíríìjì gbọ́dọ̀ wà ní 4°C tàbí kó tutù jù bẹ́ẹ̀, fírísà ní -18°C.
- Ẹ jẹ ẹ́ láàárín ọjọ́ 3 sí 4. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ sè é sára ìdérí.
- Ìwọ̀nba tí ẹ máa jẹ ni kí ẹ gbé kaná, kó gbóná dénú, kí èéfín máa yọ láti àárín rẹ̀, 74°C fún àwọn tó ní ohun ìwọn ooru.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ìrẹsì, nítorí òun là ń fi sílẹ̀ lórí ààrò jù. Kòkòrò àìfojúrí kan tí wọ́n ń pè ní Bacillus cereus ní irúgbìn tí iná ìdáná ò lè pa. Tí ìrẹsì jíjinná bá sùn síta, irúgbìn yẹn á hù, á sì tu májèlé tí gbígbé e gbóná ò ní mú kúrò. Ìrẹsì tó bá sùn síta di òwúrọ̀, ẹ dà á nù, kódà tí kò bá rùn. Ẹ má tọ́ ọ wò láti mọ̀ bóyá ó ti bàjẹ́.

Tí ẹ ò bá ní fíríìjì, tàbí tí iná ò dúró: ẹ se ìwọ̀nba tí a máa jẹ tán lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kí ohun gbígbẹ pọ̀ jù nínú ètò yín. Dípò kí ẹ se ẹ̀wà fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ ṣa ti ọjọ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, ẹ wọ̀n ọ́n sínú ọ̀rá mẹ́ta, kó wà ní gbígbẹ, kí ẹ máa rẹ ọ̀kan lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ máa sè é.

## Iná àti gáàsì

Kúkúrú ni mo máa sọ ọ́. Ẹ dé ìkòkò. Ẹ rẹ ohun líle kí ẹ tó gbé e kaná. Ẹ gé e kékeré. Ẹ má bu omi ju bó ṣe yẹ lọ. Tí ìrẹsì bá kù díẹ̀ kó jinná, ẹ pa iná, ẹ má ṣí ìdérí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìkòkò tó ń se oúnjẹ pẹ̀lú agbára èéfín (pressure cooker) máa ń dín àkókò ẹ̀wà kù gan-an. Tí ẹbí kan bá ní in tí kò lò ó, ẹ yá a lò.

## Àwọn àṣìṣe tí mo ń rí jù

Ìyá ò jẹun kí ọmọ lè jẹ. Ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe èyí ni mo ń pè ní ìṣọ́wóná. Ẹni tó ń gbé ilé ró kò gbọ́dọ̀ ṣubú. Aláboyún, ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú, ọmọ kékeré àti ẹni tó ń gba ìtọ́jú fún àìsàn, ẹ má dín oúnjẹ wọn kù.

Bíbu omi púpọ̀ mọ́ mílíìkì ìkókó kó lè pẹ́. Ó léwu gidigidi. Ọmọ ò ní rí oúnjẹ tó, omi tó pọ̀ jù náà sì lè ṣe é ní jàǹbá. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára agolo ni kí ẹ po ó. Tí owó rẹ̀ ò bá sí, ẹ tètè lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ìlera.

Yíyí gbogbo nǹkan padà lọ́jọ́ kan. Ilé á kọ̀, ẹ̀yin náà á sì rẹ̀. Ẹ yí oúnjẹ alẹ́ méjì padà lọ́sẹ̀ yìí, ẹ fi ìyókù sílẹ̀.

Títọ́jú pòtétò àti àlùbọ́sà sójú kan. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀, kí pòtétò má bàa tètè hù. Ẹ fi pòtétò síbi tó ṣókùnkùn, nítorí èyí tí ara rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé kò dára fún jíjẹ.

## Tí owó ò bá ṣì tó

Ìgbà yìí ni a tó ń dín nǹkan kù, ó sì ní bí a ṣe ń tò ó:

1. Ohun mímu aládùn àti ìpápánu. Ẹ mu omi.
2. Oúnjẹ sísè tí à ń rà níta.
3. Bí ẹran ṣe tóbi tó. Ẹ gé e wẹ́wẹ́ sínú ọbẹ̀ kó kárí, dípò kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gba ègé ńlá.
4. Ẹran ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí ẹyin tàbí ẹ̀wà rọ́pò rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ má tún dín oúnjẹ kù mọ́. Ẹ béèrè ìrànlọ́wọ́: ẹbí, ilé ìjọsìn, ilé ẹ̀kọ́ tó ń bọ́ ọmọ, ibi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ fún aráàlú. Ẹ béèrè nígbà tí ìrẹsì ṣì kù nínú ike, kó má di ọjọ́ tí ilé ṣófo.

## Ẹ lẹ èyí mọ́ ara ògiri ilé ìdáná

- Mo ti wo ohun tó wà nílẹ̀ kí n tó kọ ohun tí mo máa rà
- Mo mọ iye ẹni tó máa jẹun lálẹ́ òní
- Ohun tó máa kọ́kọ́ bàjẹ́ wà níwájú nínú fíríìjì
- Mo ti pín oúnjẹ ọ̀la sọ́tọ̀ kí a tó jẹ tòní
- Mo kọ ọjọ́ sára àjẹkù
- Ẹ̀wà ti wà nínú omi lálẹ́ yìí tó bá jẹ́ pé ọ̀la la máa sè é

Tí Ọjọ́rú bá sì da ètò rú, tí àlejò dé tàbí tí ara ò yá, ẹ má fa ìwé náà ya. Ẹ gbé oúnjẹ tí kò gba wàhálà wá sí alẹ́ yẹn, ẹ fi ọfà sún oúnjẹ Ọjọ́rú lọ sí alẹ́ keje, kí ẹ sì kọ́kọ́ wò bóyá ohun kan wà nínú rẹ̀ tí kò ní lè dúró di ìgbà yẹn. Tó bá wà, ẹ gbé ìyẹn nìkan sí fírísà, tàbí ẹ sè é mọ́ ti Ọjọ́bọ̀.